Olè Tó Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Gba Àdúrà

"A ò ní Olútóyìn kankan níbí," ni Ìyáàfin Ojúọlápé wí. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Hàmdálàt, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, tún orúkọ náà pè fún un. Ta ló wá gba láptọ́ọ̀pù òun lọ? Ọkùnrin náà gbé káàdì kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́rùn, ó ní Olútóyìn lòun ń jẹ́, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí omíyalé bá lálejò l'Agége tún ẹ̀rọ wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó dunni jù ni pé òótọ́ ni ìrànlọ́wọ́ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń tún ẹ̀rọ ṣe lóòótọ́. Hàmdálàt kò gbé tirẹ̀ wá nítorí ó rò pé ó ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ká ní ẹ̀rọ lásán ni, ì bá gbé e fún Ọlọ́run. Pírójẹ́ẹ̀tì tí òun àti Uswat ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ṣe ló wà nínú rẹ̀, omi yẹn kan náà ló sì gbé Uswat lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣèlérí fún Bàbá Uswat, Làsísì tó ń tún ara mọ́tò ṣe, pé bí pírójẹ́ẹ̀tì náà bá wọlé, àwọn á fún olóògbé ní sátífíkéètì rẹ̀. Bàbá náà kò retí nǹkan mìíràn láyé mọ́.

Wọ́n pe nọ́ńbà ọkùnrin náà títí, kò wọlé. Ìyáàfin Ojúọlápé bi Hàmdálàt níbi tó ti kọ́kọ́ rí i. Níbi fídáù Uswat ni. Ó gbé àpò ìrẹsì wá lórúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ta ni yóò fura sẹ́ni tó gbé ìrẹsì wá sílé ọ̀fọ̀? Alfa Abdulafeez bi í léèrè orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, bí àwọn alfa ti í ṣe kí àdúrà má baà ṣìnà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sétí Alfa. "Teslim ọmọ Sùlíyá" ni Alfa sì ṣàdúrà fún. Hàmdálàt gbọ́ ọ, ó kàn rò pé orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ nìyẹn ni.

Hàmdálàt àti Bàbá Uswat gba ọ̀dọ̀ Alfa lọ. Alfa kọ́kọ́ yarí, ó ní àṣírí lohun tí wọ́n bá sọ sóun létí níbi àdúrà. Bàbá Uswat kò bá a jiyàn, ó kàn ń sunkún. Alfa wò ó, ó ní òun fúnra òun ló gbé omi àdúrà lọ fún ìyá ọkùnrin náà tó ń ṣàìsàn, l'Óníwáyà.

Bí Sájẹ́ńtì Ṣínà, ọlọ́pàá tí wọ́n fẹjọ́ sùn, ti kanlẹ̀kùn ni Teslim gba ojú fèrèsé fò jáde. Ṣínà dì í mú láṣọ, Teslim bọ́ṣọ náà sílẹ̀ fún un, ó forí lé ojú irin. Rélùwéè ló ń kọjá lọ́wọ́. Kò rọ́nà gbà, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹni tó pa á lówe kò sọ pé olóhun á rí ohun rẹ̀ gbà padà.

"Kí lo fi àwọn ẹ̀rọ náà ṣe?" ni Ṣínà bi í ní tẹ́ṣàn.

"Mo tú wọn, mo tà wọ́n ní wẹ́wẹ́ n'Íkẹjà."

"Olútóyìn lo fi ń lu àwọn ọmọ ní jìbìtì. Kí ló dé tó o sọ tìẹ gan-an fún Alfa?"

Teslim dorí kodò. "Ara ìyá mi ò yá, sà. Mi ò lè jẹ́ kí àdúrà ẹ̀ lọ bá ìyá ẹlòmíì."

Wọ́n rí láptọ́ọ̀pù mélòó kan tí kò tíì tú lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n wá gbà wọ́n ní tẹ́ṣàn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ti Hàmdálàt kò sí níbẹ̀. Teslim ní òun ti tú u tà, ẹni tó ra háàdì dísìkì rẹ̀ sì ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ìyáàfin Ojúọlápé, tó bá wọn wá, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á jẹ́ kí Hàmdálàt tún ọdún náà ṣe láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Uswat ńkọ́, mà?"

Ìyáàfin náà mi orí, ó ní pírójẹ́ẹ̀tì tí Uswat lọ́wọ́ sí nìkan ló lè fún un ní sátífíkéètì.

Bàbá Uswat ti rí àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀rọ wọn jáde. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó na báàgì tó yá wá láti fi gbé láptọ́ọ̀pù náà. Hàmdálàt kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Bàbá náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ká báàgì náà, ó sì jókòó padà.