Irú Ìbọn Tí Tín-ín-rín Pè É

Orí tábìlì ni ìbọn náà wà, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. Tín-ín-rín dúró tì í, àmọ́ ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà ní pápá, wọ́n sì ń pè é léraléra pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Rọra wò ó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí. "Ọ̀gá oko ní kí n mọ irú ìbọn tó jẹ́ kí n tó ra ọta sí i. Ìwọ lo mọ fóònù tẹ̀ nílé yìí."

Ẹ̀gbọ́n náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ọdẹ ní oko àgbàdo kan tí àwọn ìmàdò ń bà jẹ́ ni. Ìbọn àlòkù ni wọ́n gbé fún un, irú èyí tí èèyàn ń fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Ó ti dógùn-ún débi pé orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́.

Tín-ín-rín ya fọ́tò rẹ̀, ó wá irú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó jáde jọra bí ọmọ ìyá. Fóònù tún dún. Ó ń fi ìka gbá àwòrán kọjá títí ó fi rí ọ̀kan tí igi ìdí rẹ̀ pupa bíi ti ìbọn tó wà níwájú rẹ̀.

"Òun nìyí, Bọ̀dá mi."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Ó ti ń wọ bàtà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba àwòrán náà sórí fóònù tirẹ̀, ó ti ìbọn mọ́ inú yàrá, ó lọ ra ọta.

Ní pápá, bọ́ọ̀lù ń lọ, ọkàn Tín-ín-rín kò sí níbẹ̀. Ó tún ṣí àwòrán náà. Irin ìfà ti inú àwòrán tẹ̀ wá sísàlẹ̀; ti ìbọn ilé wọn nà gbọọrọ síta. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ọta tí kì í ṣe ti ìbọn lè mú kó bú gbàmù mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú.

"Mò ń lọ sílé," ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláriwo.

"Torí ìbọn? Bọ̀dá ẹ kì í ṣọmọdé, á rí i pé kò bá a mu. Tó o bá lọ jẹ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó o jáde mọ́."

Tín-ín-rín jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù dún títí, kò gbé e. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá ẹ ti lọ sóko. Ó ní òun fẹ́ dán ìbọn yẹn wò kílẹ̀ tó ṣú."

Etí oko ló ti rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ki ọta kan sínú ìbọn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti irin rẹ̀ nítorí pé ó ń há díẹ̀.

"Ẹ má yìn ín, Bọ̀dá mi. Mi ò mọ irú ìbọn tó jẹ́. Mo kàn sọ ọ́ kí n lè ráyè lọ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa irin náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó yọ ọta náà. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun Tín-ín-rín jù.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún ìbọn ṣe. Ó tú igi rẹ̀ kúrò, ó nu abẹ́ irin, orúkọ sì hàn ketekete níbi tí ìdógùn-ún kò dé. Kò jọ èyí tí Tín-ín-rín pè é rárá.

"Ọta tẹ́ ẹ rà yìí ìbá fọ́ yín lójú," obìnrin náà sọ.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé oko, àwọn ìmàdò ti wọ ibẹ̀ lóru, wọ́n ti run àgbàdo lọ bẹẹrẹ. Ọ̀gá oko bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀gbọ́n náà kò sì dárúkọ àbúrò rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ pé èmi ni?" Tín-ín-rín bi í bí wọ́n ṣe ń padà sílé.

"Torí pé o sáré wá. Ká ní o ti sọ lánàá pé o ò mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn là bá kọ́kọ́ gbé e lọ."

Tín-ín-rín ti ń tijú àtisọ pé òun ò mọ̀ látìgbà tó ti wà ní kíláàsì kékeré. Lọ́jọ́ yẹn ló yé e pé kò sẹ́ni tí "mi ò mọ̀" pa rí, àti pé irọ́ "ó dá mi lójú" ló kù díẹ̀ kó gba ojú ẹ̀gbọ́n òun.