Gúsíbẹ́rì Ta Ni A Ó Gbìn?

Effie jí láàárọ̀ Sátidé. Ó wọ bàtà òjò rẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé.

Bàbá àgbà ti wà níbẹ̀. Ó ń fa igi gúsíbẹ́rì àtijọ́ tu, igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún tó ń so èso wẹ́wẹ́. Àìsàn ti bo gbogbo ewé rẹ̀, ó funfun bí ìyẹ̀fun.

Gìì! Gìì! Gbì! Igi tu. Bàbá àgbà ṣubú, ó fìdí jálẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá àgbà."

"Ṣé ò ń fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá o." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Àyè igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá ògiri. Èwo ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀?

Wọ́n lọ sí ọgbà Ìyáàfin Dobson, tó ń ta igi eléso.

"Ẹ tọ́ ọ wò," ni Ìyáàfin Dobson wí. "Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún o!"

Effie tọ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé wò. "Yéè! Ó kan!"

"Ìyẹn, ṣúgà la fi ń sè é."

Effie tọ́ èyí tó funfun wò. "Ó dáa!"

"Ìyẹn máa ń tètè tanná," ni Ìyáàfin Dobson wí. "Òtútù orí òkè yín á pa òdòdó rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ni mò ń tà á fún."

Effie tọ́ èyí tó pupa wò. Ó kéré. Effie jẹ ẹ́ tán. Ó mú òmíràn. Ó tún mú òmíràn.

"Èyí ni! Ó dùn!"

Bàbá àgbà ò gbọ́. Ó ti dúró ti igi kan tí èso rẹ̀ tóbi bí ẹyin ẹyẹlé.

"Èyí ni mo máa gbé lọ síbi ìwọ̀n," ló wí.

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, gbogbo abúlé máa ń wọn gúsíbẹ́rì. Èyí tó bá wúwo jù ló ń gba ife ẹ̀yẹ.

"Ṣé ó dùn?" ni Effie bi í.

"Èmi ò mọ̀. A kì í jẹ ẹ́. A máa ń wọ̀n ọ́n ni."

"Ẹ ò jẹ ẹ́ rí?"

"Ogójì ọdún, mi ò jẹ ẹ́ rí."

"Kékeré la máa gbìn!" ni Effie wí.

"Ńlá la máa gbìn!"

"Kékeré!"

"Ńlá!"

Inú Effie bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbin ńlá, kò ní rí ẹyọ kan jẹ.

Àwọn méjèèjì fìbínú gba ẹnu ọ̀nà tóóró ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún! Wọ́n há.

"Effie, sún!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sún!"

Kò sẹ́ni tó sún.

Effie ronú. Ó fi apá mọ́ ara. Ó dúró ṣánṣán. "Ẹ̀yin náà, ẹ dúró ṣánṣán."

Fìì! Wọ́n kọjá.

"Bàbá àgbà! Ṣé igi náà lè dúró ṣánṣán?"

Bàbá àgbà họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Bí a bá fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un... tí a so ó mọ́ ọ̀pá... á gùn, kò ní fẹ̀, àyè á sì gba méjèèjì."

"Ọmọ yìí gbọ́n jù yín lọ," ni Ìyáàfin Dobson wí.

Wọ́n ra méjèèjì. Bàbá àgbà gé ẹ̀ka. Kẹ́! Kẹ́! Effie so okùn. Kékeré dúró ṣánṣán. Ńlá dúró ṣánṣán.

Òjò rọ̀. Yìnyín bọ́. Ọdún kan lọ. Ọdún kejì dé.

Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Bàbá àgbà gbé èso ńlá kan lé òṣùwọ̀n. Gbogbo abúlé na ọrùn wò ó.

Ó ṣe ipò kejì! Ìyáàfin Dobson ló gba ife.

Bàbá àgbà ki ńlá bọ àpò, wọ́n padà sílé. Effie já kékeré kan.

"Ẹ lanu."

"Ṣebí mo ti ní a kì í jẹ ẹ́..."

"Ẹ lanu, Bàbá àgbà."

Fọ́ọ̀! Omi èso ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀.

"Effie," ló rọra wí, "ṣé ó kù?"

"Ó kù rẹpẹtẹ."

Bàbá àgbà yọ ńlá láti inú àpò rẹ̀. Ó gé e sí méjì. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́.

Wọ́n wo ara wọn.

"Omi lásán!" ni Bàbá àgbà wí. "Ogójì ọdún! Omi lásán!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sídìí ògiri, wọ́n ń jẹ kékeré lọ.