Ẹ̀rọ Àyà Kì í Ṣe Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

Bàtà tí mẹkáníìkì kan wọ kúrò ní ọsíbítù, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí i láyà, kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bá a tì í títí, bàtà kọ̀.

"Bàtà yìí ti súnkì," ni mẹkáníìkì wí, ó sì gbé ike omi sẹ́nu.

"Bàtà kì í ṣàdédé súnkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, baálé mi."

Aránṣọ ni ìyàwó yìí, ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n ara. Ó tẹ ìka mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè kún padà. Ó rántí pé orí òkìtì ìrọ̀rí ni ọkọ òun ń sùn báyìí kó tó lè mí dáadáa. Ẹ̀rù bà á gidi.

"Ẹ dìde, ó di ọsíbítù."

"Nítorí bàtà?"

"Nítorí yín ni. Bí ẹ ò bá lọ, màá pọ̀n yín."

Nígbà tí wọ́n dé ọsíbítù, nọ́ọ̀sì gbé e gun ìwọ̀n. Ìwúwo rẹ̀ ti lé gan-an.

"Bàbá, omi yín ti pọ̀ jù. Ta ló ní kí ẹ máa mu tó báyìí?"

Mẹkáníìkì wolẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì tí omi rẹ̀ bá gbẹ á gbóná, á sì kú. Mi ò fẹ́ kí èyí tí ẹ fi sí mi láyà gbóná."

Nọ́ọ̀sì ò fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yẹn kì í mu omi. Ọkàn yín tí kò tíì lágbára ló ń ru ẹrù omi náà. Èyí tí kò bá lè gbé á dúró sẹ́sẹ̀, á sì wọnú ẹ̀dọ̀fóró."

"Ó dáa, n ò mu mọ́."

"Ìyẹn náà léwu. Òòyì á kọ́ yín, kíndìnrín á jìyà. Dókítà á wo ìwúwo yín, ẹsẹ̀ yín àti ẹ̀jẹ̀ yín, kó tó sọ èyí tó tọ́ sí yín."

Dókítà tún oògùn rẹ̀ ṣe, ó sì fàlà sára ike omi kan: omi tí yóò máa mu lóòjọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Láti ìgbà náà, aránṣọ ń wọn ọkọ rẹ̀ láràárọ̀ kó tó jẹun. Bó bá bu ọbẹ̀ tàbí tíì fún un, á dín omi inú ike kù. Mẹkáníìkì kùn títí, ó sú u.

"Omi lásán lo wá ń ṣọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni mò ń ṣọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, ẹ má fojú díwọ̀n omi fún un, ẹ má sì fi ti aládùúgbò wọn tirẹ̀. Ẹ bi dókítà rẹ̀. Ọbẹ̀, tíì, yìnyín, omi ni gbogbo wọn. Bí ìwúwo bá ṣàdédé lé, bí ẹsẹ̀ bá wú, bí mímí bá nira, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí bàtà bá kọ̀.