Ìbòrí Tí Motúnráyọ̀ Hun fún Aago

"Ta ló tún fọwọ́ kan aago yìí?"

Ohùn Pírínsípà ni mo gbọ́ láti ibi tí mo ti ń bẹ iṣu lójú àgbàlá mi ní Ùsì. Odi kan ló là mí àti ilé ìwé náà láàárín, mo sì fẹ́ràn aago wọn ju rédíò lọ. Àpótí kékeré tó ń lo iná ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń rántí àkókò. Bó bá ti dún fún ìsinmi, èmi náà á gbé iṣu kaná, n ó máa kọrin:

"Aago dún, iṣu dé orí iná,
Ọmọ ń bọ̀, ebi, máa lọ ulé rẹ!"

Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ọdún 2003, aago bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Láàárọ̀, á dún bó ṣe yẹ. Tó bá di ọ̀sán, á dún pé kí àwọn ọmọ máa lọ sílé nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì tó ń tún rédíò ṣe ní Ìdó. Ó tàn án sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, aago kò gbàgbé nǹkan kan.

"Aago yín kò ṣàìsàn o," ló wí.

Bí aago kò bá ṣàìsàn, a jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Ni gbogbo ojú bá yí sí Bàsítì, ọmọ Àlùfáà Gàníyù, tó máa ń tú rédíò, tí súkúrúdíráfà kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Bó bá gba iwájú ọ́fíìsì kọjá, tíṣà á yọjú ní fèrèsé. Bó bá ní òun fẹ́ tọ̀, wọ́n á rán ẹnì kan tẹ̀lé e. Èmi náà ń yọjú lórí odi.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé èmi lẹ ń ṣọ́?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Adìẹ mi ni mò ń wá," ni mo wí. N kò sì ní adìẹ kankan.

Ọjọ́ tí aago dún láàárín ìdánwò ìṣirò, Pírínsípà lé Bàsítì lọ sílé.

"Àfi tí o bá jẹ́wọ́, o kò ní ṣe ìdánwò àṣejáde níbí."

"Kí ni kí n jẹ́wọ́, mà? N kò ṣe é!"

Motúnráyọ̀, ọmọ ọmọ mi, ni ó ń mójú tó aago náà. Bí ọyẹ́ ṣe dé, ó fi òwú pupa hun ìbòrí fún un, bí a ṣe ń bo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kí eruku ọyẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Pírínsípà yìn ín níwájú gbogbo ilé ìwé, ó sì fún un ní báájì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé ìbòrí náà wálé láti fọ̀ ọ́, kó tó tún dà á bo aago lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Bàsítì, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Màmá, aago kì í gbàgbé lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Bóyá ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wọn kò gbé ìbòrí dání lọ sí Ìdó. Ooru ló ń mú un!"

"Lọ sọ fún wọn."

"Kí wọ́n gba báájì mi? N kò ní dà á bò ó mọ́. Aago á dára, ọ̀rọ̀ á parí."

Aago dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ tò sórí ìlà láàárọ̀, Pírínsípà na ọwọ́ sí i. "Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí Bàsítì ti lọ, aago ti sàn!"

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Motúnráyọ̀ kò lè gbé ọwọ́ tirẹ̀. Ohun tó fi pa mọ́ ti di ẹ̀rí mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìbòrí lọ sí ọ́fíìsì, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ti mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n dà á bo aago, kí ẹ sì jókòó tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí oòrùn gbóná lórí páànù, aago dún pé kí gbogbo ayé máa lọ sílé. Kò sí ọwọ́ èèyàn nítòsí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì tú u.

"Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yìí ló ń rántí àkókò," ló wí. "Ó ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò wọ ihò rẹ̀ dáadáa mọ́. Bí ooru bá mú un, á yẹ̀ díẹ̀, á gbàgbé. Bó bá tutù, á padà sí àyè rẹ̀."

Pírínsípà gba báájì náà. "Kì í ṣe torí ìbòrí. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́." Pírínsípà fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ bẹ Àlùfáà Gàníyù nílé.

Bàsítì padà, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó yọjú sí mi lórí odi.

"Màmá, ṣé ẹ ti rí adìẹ yín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ iṣu fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá tún nǹkan ṣe níkọ̀kọ̀, tí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ̀, ẹ kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ tètè sọ̀rọ̀. Kí ẹ má sì fi ojú lásán dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ bá mi gbe orin:

"Aago gbàgbé, a pe Bàsítì lẹ́jọ́,
Aago rántí, ojú tì wá o!"