Ta Ló Gbé Sítóòfù Alága?

"Ta ló gbé sítóòfù mi síbí? Ẹ gbà mí o!"

Igbe náà jáde láti yàrá tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyá Aránṣọ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Alága ló dúró láàárín yàrá, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré. Okùn ló fi ń hun àga tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń fi oyè alága bá a dápàárá. Òun náà á sì máa pàṣẹ pé kí wọ́n jókòó, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, kò sí àpárá. Ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ ti bó.

"Yéè! Èmi ni mo gbé e!" Ìyá Aránṣọ káwọ́ lérí. "Omi ìwẹ̀ ni mo gbé kaná dè yín!"

Oore ni wọ́n pè é o. Nígbà tí Alága gbé àga lọ fún oníbàárà láàárọ̀, àwọn ará ilé fi kọ́kọ́rọ́ tó máa ń fi sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì sójú fèrèsé, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ibi tí ike omi rẹ̀ máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé sítóòfù sí. Òǹgbẹ ń gbẹ ọkùnrin náà nígbà tó dé. Ó ki kọ́ọ̀pù bọ ibi tó mọ̀ sí omi tútù, ọwọ́ rẹ̀ sì wọnú omi híhó.

Ẹ̀yin ẹ wò ó, irú oore wo nìyẹn?

Wọ́n da omi tútù sí i lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fi máa padà délé, Ìyá Onílé ti pe gbogbo ilé jọ.

"Ohun tí mò ń bẹ̀rù rèé," ó ní. "Ẹ kó ẹrù ẹ̀. A ó mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn aláìríran, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣọ́ ọ."

"Òótọ́ ni, Mà," gbogbo wọn dáhùn.

Alága jókòó láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ ni wọ́n ń sọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú!

Ìgbà yẹn ni Onídìrí, tí Ìyá Onílé ti ránṣẹ́ pè, wọlé. Obìnrin yìí máa ń yọ̀ǹda Sátidé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń gbàwí fún àwọn akàndá ẹ̀dá, kò sì gba kọ́bọ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dé," Ìyá Onílé wí. "Ẹ bá wa ṣàlàyé fún un pé ilé ìtọ́jú ló dáa."

Onídìrí kúnlẹ̀ síwájú Alága. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ni ẹ̀yin fẹ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí Alága.

"Àṣé ẹnìkan ṣì lè bi mí!" Alága gbé orí sókè. "Ojú ló fọ́ mi, ẹnu ò fọ́ mi. Ọwọ́ mi ló mọ yàrá yẹn. Ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sí ipò ẹ̀, kò ní sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá mú mi lọ, níbo ni àwọn oníbàárà mi á ti rí mi?"

Ojú ti Ìyá Onílé. "Háà! Àwa la jẹ́ kí omi gbígbóná bó ọkùnrin yìí, àwa la tún fẹ́ lé e kúrò nílé!"

"Iṣẹ́ orí ni mò ń ṣe, Mà," Onídìrí ní. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ó sì tún burú jù tí olórí bá jókòó síbẹ̀ tí a ò bi í."

Wọ́n wọ yàrá. Ìyá Aránṣọ gbé sítóòfù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Alága, ibo ni kí n gbé e sí?"

"Ẹ gbé e sígun. Ẹ sì jókòó, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rín rín. Dókítà ti ní ó máa pẹ́ kí ìka rẹ̀ tó lè fa okùn.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ léèrè kí ẹ tó ràn án. Òun gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má bá ẹni tó dúró tì í sọ ọ́. Ẹ má ṣe ṣí nǹkan nípò nílé ẹni tí kò ríran láìgbàṣẹ. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbàwí fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ìbá gba ọwọ́ Alága là.