Ìdajì Íǹṣì Tó Sọnù

Dígí tó já bọ́ láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn ọmọdé kò ba ọmọ kankan. Orí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo ló fọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá padà dé ṣọ́ọ̀bù dígí rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kó dígí mẹ́sàn-án àti férémù wọn sílẹ̀.

"Dígí mọ́kànlá la fi síbẹ̀," ló wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró gbọin. Ọ̀kan já bọ́, mẹ́sàn-án yòókù ń mì bí eyín arúgbó. Wọ́n kúrú! Ta ló gé wọn?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó gé wọn. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Onídígí bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́. Ilẹ̀ ló ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀; kò tíì pé ọdún kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka téèpù, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín íǹṣì sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ.

"Èmi ni, Ọ̀gá. Mo sì gé wọn re."

Akọ̀wé, àbúrò Ọ̀gá, yọjú láti ọ́fíìsì. "Àǹtí, sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni oníbàárà kọ, ìbú àti gíga. Ẹ ò mọ̀ ọ́n yí sí íǹṣì ni. Ìṣirò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àgbà kọ́."

"Ẹ di ẹrù yín," Ọ̀gá wí fún obìnrin náà.

Onídígí fa àga, ó jókòó.

"Mi ò lọ síbì kankan. Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ fi ibi tí mo ti jẹ̀bi hàn mí. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, ó fi bí orí abẹ́rẹ́ lé. Íǹṣì mẹ́rìnlélógún á jẹ́ ọgọ́ta. Ẹ kó àwọn orí abẹ́rẹ́ yẹn jọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé odidi kan. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nìyẹn. Mẹ́rìnlélógún ni mo gé!"

Ọ̀gá ṣe é lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Onídígí fa téèpù ìgbànú rẹ̀ yọ, ó wọn dígí kan nínú èyí tí wọ́n kó bọ̀. Mẹ́rìnlélógún géérégé. Ó wọn férémù. Mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀.

Ojú gbogbo wọn yí sí Bàbá Férémù, àgbàlagbà tó ń kan férémù.

"Èmi kẹ̀?" Bàbá mú rúlà irin rẹ̀ wá, inú sì ń bí i. Lórí rúlà, mẹ́rìnlélógún ni férémù. Dígí ló jẹ́ mẹ́tàlélógún àti ààbọ̀.

"Bóyá rúlà yín ti gbó," Akọ̀wé wí.

"Irin ń gbó? Ṣé ṣòkòtò ni?"

Onídígí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi rúlà náà wọn dígí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, ó dìde dúró.

"Ìdajì íǹṣì ni gbogbo wọn fi kúrú. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ kì í dọ́gba. Á gé ọ̀kan kúrú, á gé òmíràn gùn. Èyí tó dọ́gba báyìí, inú téèpù ló wà."

Ó tẹ́ téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Níbi tí rúlà ti kọ ọ̀kan, ọ̀kan àti ààbọ̀ ni téèpù kọ. Ó yí ìkọ́ ẹnu téèpù sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ti gé ìdajì íǹṣì kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dá ìkọ́ náà padà. Ìṣó pẹlẹbẹ kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú ló dì í mú.

"Bàbá Férémù ló ń lo ìṣó níbí," Ọ̀gá wí.

"Tèmi funfun," Bàbá dáhùn. "Ẹ wo àpótí mi."

Funfun ni gbogbo wọn lóòótọ́.

"Dígí tó dúró gbọin yẹn," Onídígí wí, "ọjọ́ Ajé ni mo gé e. Ọjọ́rú ni mo gé ìyókù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni téèpù yìí kúrò nígbànú mi. Akọ̀wé, ìwọ lo yá a, o ní o fẹ́ wọn pẹpẹ."

Onídígí wọ ọ́fíìsì láìkan ilẹ̀kùn, ó gbé fáìlì oníbàárà jáde. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀. Píìnì pẹlẹbẹ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, irú èyí tí wọ́n fi ń de ìwé, ló wà nínú ọ̀kan. Òwú ni wọ́n fi so èkejì.

Ọ̀gá fi píìnì náà wé ti ẹnu téèpù. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Akọ̀wé wolẹ̀. "Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yí tẹ́lẹ̀," ó wí. "Bí ìwé sẹ̀ǹtímítà bá dé, gbogbo yín á wá bẹ̀ mí. Àǹtí kọ́ ọ tán, kò sẹ́ni tó tún kan ilẹ̀kùn mi. Mo rò pé wọ́n á kàn dá Àǹtí padà sídìí ìgbálẹ̀ ni. Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé."

Ọ̀gá nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílé. Àbúrò mi ni."

"Rárá o! Ojú gbangba lẹ ti ní kí n di ẹrù. Ojú gbangba náà lẹ ó ti sọ ẹni tó ṣe é. Kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fáwọn ìyá ọmọ nílé ìwòsàn."

Ọ̀gá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé Akọ̀wé ló gé téèpù, ohùn rẹ̀ sì le. Akọ̀wé tẹ̀ lé e jáde lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n fi padà dé, Onídígí ti gun àga, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fi ọ̀dà dúdú kọ bí wọ́n ṣe ń yí sẹ̀ǹtímítà sí íǹṣì sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Bàbá Férémù dúró nísàlẹ̀, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kun ògiri mi?" Ọ̀gá bi í.

"Èmi ni," ó dáhùn, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.