Òórùn Inú Àgbá Onírin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Àwọn tó ṣojú wọn ò tíì kú. Orí wọn pé, kò sì sí ọ̀mùtí nínú wọn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ilé kan wà ní Jahi, ní Àbújá, tí wọ́n ti ń sin kòkòrò. Kì í ṣe kòkòrò tí ojú lásán lè rí o. Irú èyí tó ń gbé inú ilẹ̀ ni, tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò ẹ̀wà sóyà, tó ń bá a fa oúnjẹ láti inú atẹ́gùn. Àgbẹ̀ tó bá fi pa irúgbìn rẹ̀ lára kò ní í ra ajílẹ̀ púpọ̀. Bùkúnmi ló ń darí iṣẹ́ náà. Ọmọ Okun ni, láti Mọ̀pà, ó sì ti kàwé débi pé dókítà ni wọ́n ń pè é. Òun àti Iye, bí àwọn Okun ṣe ń pe ìyá wọn, ni wọ́n jọ ń gbé ní Gwarinpa.

Inú ìgò lítà kan ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kòkòrò náà bá ti pọ̀ tó, wọ́n á dà á sínú oúnjẹ lítà mẹ́wàá. Láti ibẹ̀, ó di ọgọ́rùn-ún, títí dé inú àgbá onírin tó gba ẹgbẹ̀rún lítà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí irin sì ń pò ó láìsinmi. Ohun tó wà nínú ìgò kékeré náà ló yẹ kó wà nínú àgbá ńlá. Kó pọ̀ sí i ni. Kó má yàtọ̀.

Lóṣù kẹrin ọdún, ní ọ̀sán gangan, Ismaheel bu díẹ̀ wò nínú lítà mẹ́wàá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ismaheel, òun ló ń bá Bùkúnmi ṣiṣẹ́. Ó ṣí ìdérí ìgò náà. Ó dúró. Ó fa imú.

"Dókítà, ta ló bó tanjarínì níbí?"

"Nínú yàrá yìí? Ta ló jẹ́ dán an wò?"

"Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀ mà."

Bùkúnmi súnmọ́ ọn. Òótọ́ ni. Èèpo tanjarínì ni, tútù, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná ya á. Bẹ́ẹ̀ kò sí tanjarínì lọ́jà lásìkò náà.

Wọ́n rò pé kòkòrò mìíràn ló já wọ inú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́ lóló. Wọ́n dà á sínú ọgọ́rùn-ún lítà. Lọ́jọ́ kejì, epo ọkọ̀ ti dara pọ̀ mọ́ tanjarínì náà: epo dúdú tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì.

Bùkúnmi wá àga, ó jókòó.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Iredélé. Mẹkáníìkì ni, ní Durumi. Bí àkókò tanjarínì bá ti dé, kò sí ohun mìíràn tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Wọ́n wá a dé gbogbo ibi tí ènìyàn lè wà, àti ibi tí òkú lè wà. Wọn ò rí i, wọn ò rí bàtà rẹ̀. Bùkúnmi kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ismaheel rí.

Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ó mú kòkòrò mìíràn jáde láti inú ẹ̀rọ yìnyín, èyí tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ibòmíràn. Ó rò pé bóyá ara òun ni òórùn náà wà, ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Ismaheel, ó jókòó sílé. Ismaheel ń pè é lórí fóònù. Nínú lítà kan, kò sí nǹkan. Nínú mẹ́wàá, tanjarínì. Nínú ọgọ́rùn-ún, epo ọkọ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló rí, tí o kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó rí ojú rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ̀rù dá Bùkúnmi dúró. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa wà nínú ẹgbẹ̀rún lítà ń yún un lọ́kàn. Ó padà síbi iṣẹ́, wọ́n dà á sínú àgbá ńlá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òórùn kẹta yọ, ó gbóná nímú, ó mọ́. Bùkúnmi kò dá a mọ̀.

Nílé, Iye gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti fọ̀. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ta ni, Iye?"

"Má ṣe mí bí ọmọdé. Káfúrà tí mo kó sínú àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tó ń bọ̀ ní Àbújá nìyí. Níbo lo ti rí i?"

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Iye wà níwájú àgbá náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin. Ìta dákẹ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

"Iredélé," ni Iye wí.

Ìhó tó hàn lójú gíláàsì kékeré tó wà lára àgbá náà wálẹ̀. Ismaheel ń wo nọ́ńbà tó ń sọ iye atẹ́gùn tó wà nínú omi náà. Nọ́ńbà náà já wálẹ̀ dé òdo, ó dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan. Ó sì gòkè padà, díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà, kòkòrò kì í mí báyìí," ni Ismaheel wí.

Bùkúnmi nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ooru sínú àgbá.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" Iye béèrè.

"Mo fẹ́ fi ooru pa wọ́n, Iye. Ká tún bẹ̀rẹ̀."

"O fẹ́ sè é?"

Ọwọ́ Bùkúnmi dúró lófuurufú. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n yẹ kòkòrò náà wò lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Kò ní àbùkù. Wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀rá, ọkọ̀ kó o lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní Kwali. Òjò rọ̀, ẹ̀wà sóyà hù.

Ọ̀sẹ̀ keje ni Bùsàrí pè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oko rẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo wọn.

"Dókítà, ẹ̀wà yìí dára o. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ àwọn tó ń bá mi ro oko ò fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án mọ́."

"Kí ni wọ́n rí?"

"Wọn ò rí nǹkan kan. Ibì kan ló wà láàárín oko tí wọn kì í gbà kọjá. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn ń yà fún ènìyàn ni."

Bùkúnmi kò mọ̀ pé Iye wà lẹ́yìn òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Iye ti di ẹrù. Ó gba yàrá kan nínú ilé Bùsàrí ní Kwali. Bùkúnmi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ohun tó ń lọ ṣe lóko lójoojúmọ́, kò sọ. Bùsàrí kàn ní ara màmá le, wọ́n sì ti ń jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́rú kan, Bùkúnmi pe Iye lọ́sàn-án. Fóònù dún pẹ́ kó tó gbé e. Bùkúnmi gbọ́ atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára ewé.

"Iye, ẹ káàsán mà. Ibo lẹ wà?"

"Máa pè mí tó bá yá," ni Iye wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

Ó gbàgbé láti pa fóònù náà. Bùkúnmi gbé e sétí, kò mí. Kò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ó gbọ́ tí Iye dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè nǹkan. Lẹ́yìn náà ni Iye rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àbúrò rẹ ni."